Ẹ́ńjìnnì tí a pààrọ̀ ń sítáàtì, kò dúró: kí ni ó ń pa á?

Ìbéèrè, láti ọ̀dọ̀ awakọ̀ kan ní Kétu

Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀dá mi. Corolla ọdún 2003 ni mo fi ń kó èrò láti Kétu, gba Pobẹ̀ àti Ṣakẹ́tẹ́, lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ọ́ìlì gbẹ nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó sì gan pa. Mo ra tòkunbọ̀ kan ní Kùtọnú, irú 3ZZ bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹni tó tà á sì fi bíréènì bọ́ọ̀sì rẹ̀, àpótí tó ń darí epo àti iná ẹ́ńjìnnì, lé e fún mi. Gbogbo rẹ̀ ni mẹkáníìkì mi gbé wọlé. Bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́ báyìí, kíá ló ń sítáàtì. Kì í tó ìṣẹ́jú àáyá méjì tó fi ń kú. Mo tẹ epo mọ́lẹ̀, kò gbọ́. A ti pààrọ̀ pọ́ọ̀mpù epo, a pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n ní ínjẹ́kítọ̀, ẹnu tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, ló kàn. Ẹ gbà mí.

Ìdáhùn

Àbúrò, má ra ínjẹ́kítọ̀. Bí o ṣe ṣàlàyé bó ṣe ń kú yẹn ti fi ọ̀nà hàn wá. Ẹ́ńjìnnì tí epo ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ máa ń jà kó tó kú: á wúkọ́, á gbọ̀n, á falẹ̀, lónìí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, lọ́la mẹ́wàá. Tìrẹ ń kú lójijì, ní ìwọ̀n àkókò kan náà, bí ìgbà tí èèyàn pa iná yàrá. Nǹkan kan ló ń pàṣẹ pé kó kú. Bíréènì bọ́ọ̀sì tí wọ́n fi lé e fún ọ yẹn ni.

Kinní kékeré kan wà nínú orí kọ́kọ́rọ́ rẹ. Bí o bá ti ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò, òrùka wáyà tó yí ihò náà ká á bi kinní yẹn ní orúkọ, á sì gbé ìdáhùn lọ fún bíréènì bọ́ọ̀sì. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì yẹn nìkan ni bíréènì tó bá a wá mọ̀. Tìrẹ dé, ó gbọ́ orúkọ rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n, ló bá gé epo àti iná. Mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ dáadáa lè ṣìnà níbí, nítorí gbogbo ohun tó ń fojú rí ló dára.

Wo iná pupa kékeré tí wọ́n ṣe nítorí olè lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí kọ́kọ́rọ́ ò bá sí níhò, ó máa ń ṣẹ́jú. Bí o bá ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, ó yẹ kó kú. Bó bá ń ṣẹ́jú lọ, a ti mọ̀ dájú pé bíréènì ò mọ kọ́kọ́rọ́ rẹ.

Dá bíréènì àtijọ́ padà sáyè rẹ̀. Òun àti kọ́kọ́rọ́ rẹ ti mọ ara wọn tipẹ́. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ ka àmì tí wọ́n lù sára irin ẹ́ńjìnnì tí o rà, kí o rí i pé 3ZZ bíi ti àtijọ́ ni lóòótọ́: 1ZZ tó jẹ́ 1.8 àti 3ZZ tó jẹ́ 1.6 jọra bí ìbejì, ẹni tó ń tà á sì lè má yà wọ́n sọ́tọ̀. Yọ orí bátìrì kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Bí bíréènì àtijọ́ bá ti sọnù, wá ẹni tó ní ẹ̀rọ tí a fi ń fi kọ́kọ́rọ́ han bíréènì, tàbí kí o padà sọ́dọ̀ ẹni tó ta ẹ́ńjìnnì fún ọ, kó bá ọ wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí wọ́n tú u lára rẹ̀.

Ìbéèrè, láti ọ̀dọ̀ awakọ̀ yìí kan náà

Bọ̀dá, Ọlọ́run á san án fún yín. Bíréènì àtijọ́ ṣì wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, a ti dá a padà. Ẹ́ńjìnnì ń dúró wàyí bí ẹsẹ̀ mi bá wà lórí epo. Bí mo bá ti gbé ẹsẹ̀, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, á sì kú.

Ìdáhùn

Ikú mìíràn nìyẹn, èyí sì rọrùn díẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ kan wà lẹ́nu àpótí fílítà tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Ohun tó bá kà ni bíréènì fi ń wọn epo. Afẹ́fẹ́ tó bá gba ihò mìíràn wọlé lẹ́yìn sẹ́ńsọ̀ yìí, kò sẹ́ni tó kà á, epo ò sì ní tó o. Bí o bá tẹ epo, afẹ́fẹ́ tó ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé pọ̀ gan-an, èyí tó ń yọ́ wọlé ò já mọ́ nǹkan. Bí o bá gbé ẹsẹ̀, tẹnu ọ̀nà kù díẹ̀, tẹ̀yìnkùlé wá borí.

Bẹ̀rẹ̀ láti ara róbà ńlá oníkókó tó wà láàárín fílítà àti ẹ́ńjìnnì. Fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kí o wo abẹ́ rẹ̀, torí ìsàlẹ̀ ló máa ń ya sí. Wo róbà nínípọn tó lọ síbi bíréèkì, àti àwọn róbà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lè ti gbàgbé láti fi sí i. Bí wọ́n bá tún gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ lò, ìyẹn pẹlẹbẹ tí a ń fi sáàárín irin méjì kí afẹ́fẹ́ má baà yọ́ gba ibẹ̀, fura sí òun náà. Bu omi ọṣẹ sínú ike tí wọ́n fi ń fọ́n omi sí irun, kí o máa fọ́n ọn síbi tí o fura sí nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ibi tí ohùn rẹ̀ bá ti yí padà, ibẹ̀ ni. Mo bẹ̀ ọ́, má fi epo ṣe é. Mo ti rí ẹni tó fọ́n kpayo, epo fàyàwọ́, sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná; iná jó o ní apá méjèèjì.

Bí o kò bá rí ihò kankan, yẹ wáyà ilẹ̀ wò, èyí tó so irin ẹ́ńjìnnì mọ́ nẹ́gátíìfù bátìrì; máàsì là ń pè é níhìn-ín. Nígbà tí wọ́n bá ń gbé ẹ́ńjìnnì wọlé, ó rọrùn láti fi ọ̀kan sílẹ̀ láìdè é, tàbí kí wọ́n dè é mọ́ ìpẹtà. Fi wáyà tí a fi ń yá iná so orí nẹ́gátíìfù bátìrì mọ́ irin ẹ́ńjìnnì. Bí ara rẹ̀ bá balẹ̀, o ti rí i.

Kí n má sì gbàgbé: bi mẹkáníìkì bóyá ó fi akísà dí ẹnu ihò afẹ́fẹ́ nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Kó má bínú. Mo ti fa odidi akísà kan yọ níbẹ̀ rí.

Ìbéèrè, láti ọ̀dọ̀ ìyá ọlọ́jà kan ní Ṣábẹ

Camry ọdún 1990 ni mo fi ń kó ọjà, ọmọ mi ló pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá di kọ́kọ́rọ́ mú níbi sítáàtì, ó ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá jọ̀wọ́ rẹ̀, ó kú. Láti ìgbà òjò ló ti jókòó.

Ìdáhùn

Ẹ kú ìnáwó, ìyá wa. Ọ̀nà méjì ni iná ń gbà dé ọ̀dọ̀ pọ́ọ̀mpù epo nínú irú ọkọ̀ yín. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá di kọ́kọ́rọ́ mú. Èkejì wà lọ́wọ́ ilẹ̀kùn kékeré kan ní ọ̀nà afẹ́fẹ́: bí afẹ́fẹ́ bá tì í ṣí, iná kọjá. Èkejì yìí ni kò ṣiṣẹ́.

Kí ọmọ yín ṣí fílítà, kó yí kọ́kọ́rọ́ láìsítáàtì, kó fi ìka ti ilẹ̀kùn náà. Bí pọ́ọ̀mpù bá dún lẹ́yìn ọkọ̀, ilẹ̀kùn dára, afẹ́fẹ́ ni kò gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Kó wo róbà ńlá, kó wo ìdérí ọ́ìlì àti ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì pẹ̀lú. Nínú irú ẹ́ńjìnnì yìí, ìdérí ọ́ìlì tó ṣí sílẹ̀ tó láti pa á. Bí pọ́ọ̀mpù ò bá dún, kó ṣí àpótí dúdú kékeré tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó fi wáyà kúkúrú so ihò tí wọ́n kọ Fp sí mọ́ èyí tí wọ́n kọ +B sí. Bó bá wá dún, pọ́ọ̀mpù ò ní àìsàn, kí ẹ má rà á. Wáyà ilẹ̀kùn náà tàbí réléè, kinní tó ń ṣí iná fún pọ́ọ̀mpù, ni kó tọ̀ lọ.

Nítorí pé ó ti jókòó pẹ́, kó rọ epo díẹ̀ sínú ìgò funfun bí èyí tí àwọn oníkpayo ń lò, kó gbé e kalẹ̀ fún wákàtí kan. Omi á sùn sísàlẹ̀, ẹ ó fojú rí i.

Kó má fi wáyà kúkúrú yẹn sílẹ̀ níbẹ̀ kí ẹ lè tètè lọ ọjà. Bí ọkọ̀ bá forí gbá nǹkan tí ẹ́ńjìnnì sì kú, pọ́ọ̀mpù á ṣì máa da epo síta.