Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ lórí oògùn oríkèé ríro: steroid àti tramadol

Oríkèé tó ń wú, tó ń gbóná, tó ń le gan-an láàárọ̀ títí oòrùn á fi mú, kì í ṣe àárẹ̀ oko lásán; làkúrègbé lè ni. Síbẹ̀, láti Ìkọ̀lé dé Ìkẹ́rẹ́, kẹ́míìsì ni púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa ń kọ́kọ́ yà sí. Wọ́n á da oògùn mẹ́rin-márùn-ún pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré tí kò ní orúkọ kankan lára. Prednisolone tàbí dexamethasone, àwọn oògùn tí a ń pè ní steroid, tó ń mú wíwú rọlẹ̀, sábà máa ń wà níbẹ̀, pẹ̀lú diclofenac, oògùn ìrora. Kò pẹ́ tí ìyá tí kò lè di ọmọ odó mú á tún máa gún iyán. Ibẹ̀ gan-an ni ewu ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tí ara rẹ̀ yá kì í béèrè ohun tó mú un yá.

Ìyàlẹ́nu yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní 1948, ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà, wọ́n fún obìnrin kan tí làkúrègbé ti dè mọ́lẹ̀ ní abẹ́rẹ́ cortisone, tí òun náà jẹ́ steroid, ó sì dìde rìn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1950. Ìpalára rẹ̀ náà kò pẹ́ kó tó fara hàn: ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á lọ sókè, ẹ̀jẹ̀ á ru, egungun á máa di ẹlẹgẹ́, ikọ́ ẹ̀gbẹ tó fara pamọ́ lè jí. Tí diclofenac bá tún wà pẹ̀lú rẹ̀, ọgbẹ́ inú kò jìnnà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ á kún, àwọn ará ilé á sì máa kí yín pé ẹ ti sanra. Ẹ jọ̀ọ́, ìlera kọ́ nìyẹn.

Àṣìṣe tó ń bà mí lẹ́rù jù ni kí ènìyàn dá steroid dúró lójijì. Orí kíndìnrín wa méjèèjì ni ẹ̀yà kékeré kan jókòó sí, tó ń ṣe irú oògùn yìí fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ti ń lo ti kẹ́míìsì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ẹ̀yà yẹn á dẹwọ́ iṣẹ́. Bí ẹ bá wá jáwọ́ lọ́jọ́ kan, bóyá owó tán, bóyá wọ́n ti gbàdúrà fún yín, ara lè ṣàìní ohun tó máa fi dúró: òòyì, èébì, àárẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó já wálẹ̀, ìdákú. Ó ń pa ènìyàn. Ẹ gbàdúrà, ṣùgbọ́n dókítà ni kó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Tramadol, oògùn ìrora tó lágbára, ńkọ́? Kò fọwọ́ kan wíwú náà rárá. Bí ẹni tó fọwọ́ bo ẹnu ọmọ tó ń ké ni, tí ìjàlọ ṣì ń jẹ ọmọ náà lẹ́sẹ̀. Oríkèé á máa bàjẹ́ lọ, ara á sì máa béèrè sí i. Èyí tó ju 100mg lọ kò bófin mu ní Nàìjíríà, ó sì lè fa gìrì. Ẹ má fi ògógóró tàbí oògùn oorun tẹ̀ ẹ́: èémí lè dúró lójú oorun. Ó tún máa ń dí ìgbẹ́.

Ṣùgbọ́n mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ du ẹni tí jẹjẹrẹ tàbí àìsàn fòníkú-fọ̀la-dìde ń dá lóró. Tí dókítà bá kọ ọ́ fún un, kí ẹbí má pè é ní ajoògùnyó.

Oògùn tó ń dá làkúrègbé dúró wà. Methotrexate jẹ́ ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lò ó, kì í ṣe lójoojúmọ́. Lílò ó lójoojúmọ́ lè gba ẹ̀mí. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa, àlàfo yìí sì ni dókítà ń fi steroid díẹ̀ dí. Ẹ lọ béèrè ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni ní Adó-Èkìtì tàbí Ìdó-Èkìtì, kí ẹ mú ọ̀rá oògùn àtẹ̀yìnwá dání, bí kò tilẹ̀ ní orúkọ.

Bí èébì kò bá jẹ́ kí steroid dúró nínú yín, ẹ sáré lọ gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Kí wọ́n tó yọ eyín yín tàbí ṣiṣẹ́ abẹ fún yín, ẹ sọ pé ẹ ti ń lò ó.