Ẹ dúró ná, kí ẹ tó ra kápúsù

Bí mo bá rẹ́rìn-ín, ẹ ó rí i pé eyín iwájú mi ní ìlà aláwọ̀ obì. Kì í ṣe obì. Tetracycline ni. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, bí ọ̀fìnkìn bá ti mú mi, ìyá mi á tú kápúsù alápá pupa, alápá yẹ́lò yẹn sínú ẹ̀kọ gbígbóná, á ní kí n mu ún tán. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé oògùn náà máa ń lẹ̀ mọ́ eyín tó ṣì ń dàgbà nínú èrìgì, pé kò yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8. Èyí tó wá ń dùn mí jù ni pé ọ̀fìnkìn ọ̀hún kò tilẹ̀ mọ̀ pé oògùn wọlé. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ọ̀fìnkìn. Bakitéríà ni tetracycline ń bá jà.

Apòògùn ni mí báyìí, Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ìyá elélùbọ́ tó wà lódìkejì mi wọlé lọ́jọ́ kan, imú wọn ń ṣomi. "Dọ́kítà, ẹ fún mi ní kápúsù ọ̀fìnkìn." (Dọ́kítà ni gbogbo wọn ń pè mí, ó ti sú mi láti máa ṣàtúnṣe.)

Mo ní, "Mà, ẹ jókòó." Mo wá ṣàlàyé. Kòkòrò àìfojúrí ni àwọn méjèèjì, àmọ́ bakitéríà dà bí ayálégbé tó gbé ìkòkò àti àdògán tirẹ̀ wá. Ó ń dáná fúnra rẹ̀, ó ń pọ̀ sí i fúnra rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní E. coli, bó bá rí oúnjẹ àti ooru tó bá a lára mu, ìṣẹ́jú 20 ni ọ̀kan fi ń di méjì. Ẹyọ kan tó bá wà níbẹ̀ ní aago méje àárọ̀ lè ti lé ní 260,000 nígbà tó bá fi máa di aago kan ọ̀sán. Fáírọ́ọ̀sì ní tirẹ̀ kò ní ìkòkò, kò ní àdògán. Ìlànà bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ nìkan ló dì mọ́ra wá. Á wọnú sẹ́ẹ̀lì wa, ìyẹn àwọn ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di ara wa, á fi ìkòkò wa àti èèlò wa se tirẹ̀.

Penicillin tí Alexander Fleming ṣàwárí ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1928, ògiri ara bakitéríà ló ń bà jẹ́. Fáírọ́ọ̀sì kò ní irú ògiri bẹ́ẹ̀. Tetracycline ń dí ibi tí bakitéríà ti ń ṣe pùrótéènì, èròjà tó fi ń kọ́ ara rẹ̀, lọ́wọ́. Fáírọ́ọ̀sì kò ní ìyẹn náà. Kí ni kápúsù fẹ́ fọ́?

Mo tún sọ fún wọn pé bí a bá to fáírọ́ọ̀sì ọ̀fìnkìn líle tí wọ́n ń pè ní flu sórí ìlà, nǹkan bí 10,000 ló máa kún mìlímítà kan. Wọ́n ní, "Ta ló kà wọ́n?"

Kí n tó nawọ́ sí oògùn, mo máa ń béèrè pé ibo ló ń dùn yín? Bó bá jẹ́ pé imú ń ṣomi, ọ̀fun ń ta, ara ń ro, ikọ́ wà níbẹ̀, tí àwọn ará ilé náà sì ń sín, fáírọ́ọ̀sì ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Bakitéríà sábà máa ń jókòó síbì kan: eéwo tó ní ọyún, etí kan ṣoṣo, ìtọ̀ tó ń ta èèyàn. Kì í ṣe òfin o. Ikun imú tó di àwọ̀ ewé náà kì í ṣe ẹ̀rí, ọ̀fìnkìn lásán máa ń rí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ mélòó ni? Ọ̀fìnkìn sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ 7 sí 10. Bí ara bá ti ń yá, tí ibà wá padà dé, bakitéríà lè ti gba ẹ̀yìn wọlé. Ẹ lọ rí dókítà. Bí ikọ́ bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ikọ́ fée ní ọsibítù ìjọba. Bakitéríà ni, oògùn rẹ̀ ọ̀fẹ́ ni, lílo rẹ̀ sì máa ń tó oṣù mẹ́fà.

Ibà ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ ṣàyẹ̀wò ibà ẹ̀fọn, nítorí kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì, kì í sì í ṣe bakitéríà. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀kán kan ti tó. Ní Òǹdó àti Ẹdó, níbi tí eku ti ń wọnú gàárì, ibà tí oògùn ibà ẹ̀fọn kò ràn lè jẹ́ ibà Lásà, fáírọ́ọ̀sì nìyẹn. Ẹ má jókòó sílé. Ọsibítù ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ ń tọ́jú rẹ̀.

Ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò, ẹ má ro kápúsù. Omi mímọ́ lítà kan, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà tí ẹ fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni kó máa mu ún. Onígbáméjì gan-an, tó jẹ́ bakitéríà, omi yìí náà ni wọ́n á kọ́kọ́ fún un. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tàbí ọmọ tó ń mí gúlegúle, tí kò lè mu nǹkan: ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé tú kápúsù sójú egbò. Ọṣẹ àti omi.

Parasitamọ́ọ̀lù nìkan ni mo tà fún ìyá elélùbọ́. Wọ́n ní èmi kò fẹ́ tajà. Ní ọjọ́ kẹjọ wọ́n padà wá, imú ti gbẹ. Wọ́n ní àgbo tí àwọn lọ mu ló ṣe é.

Mo ní, "Ẹ kú oríire, mà."