Bọ́ílà Bàbà Tí Mo Dí Lẹ́ẹ̀mejì

Òjé ni mo fi dí èyí àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ ìyẹn, kí n tó máa ṣe bí ọ̀gá.

Ìyá àgbà mi ló kó mi sí i. Ẹ̀bá ìdíkọ̀ rélùwéè Òṣogbo ni wọ́n dàgbà sí, níbi tí ojú irin dé ní 1907, wọn kì í sì í yé sọ bí ọkọ̀ tó ń jẹ èédú ṣe máa ń ké "fàkàfíkì, fàkàfíkì" bọ̀ láti ọ̀nà Ìbàdàn. Mo ti ní ẹ́ńjìnnì kékeré kan tó lè jókòó sórí tábìlì. Bọ́ílà tó máa fún un ní ooru omi ló kù.

Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́mù ni mo ti rí páìpù bàbà tó fẹ̀ ní mìlímítà 54, tó sì nípọn ní mìlímítà 1.5. Mo gé sẹ̀ǹtímítà 15 nínú rẹ̀, mo gbé e lọ bá ẹnì kan tó ń lẹ rédíétọ̀, mo ní kó fi òjé lẹ ìdérí mọ́ ọn ní orí àti ìdí. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní eré ni. Ó lẹ̀ ẹ́ dáadáa. Mo rọ omi sí i, kò jò. Mo bá daná sí i lábẹ́, n kò sì wo bí omi inú rẹ̀ ti kù sí. Níbi tí omi bá wà, bàbà kì í gbóná ju omi lọ púpọ̀. Níbi tí omi bá ti gbẹ, iná ló ni ín. Irú òjé tí wọ́n fi ń lẹ nǹkan bẹ́ẹ̀ a sì máa yọ́ ní nǹkan bíi 183°C. Ìdérí ìdí ṣí gbàù, omi híhó fọ́n sára ògiri. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹni tó kan ilẹ̀kùn, tí mo dìde lọ dá lóhùn.

Ọ̀gá tó ń ṣe fíríìjì ládùúgbò wa ni mo gbé e lọ bá, mo ní ẹ bá mi fi fàdákà lẹ̀ ẹ́. Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. "Ibi tí òjé bá ti kàn, fàdákà kò ní gbà á mọ́. Lọ mú bàbà míì wá." Ó dùn mí, àmọ́ páìpù náà ṣẹ́kù nílé.

Ìdérí ló gba agbára mi jù. Mo gé bàbà pẹlẹbẹ roboto, mo fi lé igi líle tí mo gbẹ́ ní ìwọ̀n páìpù, mo wá ń fi òòlù onígi lu etí rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí a bá ṣe ń lu bàbà ló ṣe ń le. Etí ni mo fi ń mọ̀ ọ́n: tó bá ṣì rọ̀, á máa dún bí ìgbà tí èèyàn ń lu ìrọ̀rí, tó bá ti le, á bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí agogo. Bí o bá ṣì ń lù ú lẹ́yìn ìyẹn, á ya. Mo kọ́kọ́ ya ọ̀kan. Iná ni kí o dá a padà sí títí yóò fi pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, kí o tì í bọ omi, á tún rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ kí ìdérí kan ṣoṣo tó jókòó. Mo wá la ọ̀pá bàbà kan já àárín ìdérí méjèèjì, kí wọ́n lè di ara wọn mú, torí ojú tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ ni ooru omi máa ń tì wú síta.

Ojú tí gẹ́jì (tó ń wọn agbára ooru omi) àti fáàfù (tó ń tú u síta bó bá pọ̀ jù) yóò dè sí, idẹ lásán ni mo fẹ́ fi ṣe é. Ọ̀gá ní rárá, síńkì wà nínú rẹ̀, omi gbígbóná á máa jẹ síńkì náà títí idẹ á fi ní ihò wẹ́wẹ́ káàkiri. Ní ìlú Ọ̀ṣun ni wọ́n ti ń sọ èyí fún mi o! Bàbà tí wọ́n pò mọ́ tánganran la padà lò.

Ìrọ̀lẹ́ la lẹ̀ ẹ́, torí oòrùn ọ̀sán kì í jẹ́ kí ojú rí i bí bàbà bá pọ́n. Mo po bórákìsì (ìyẹ̀fun tó ń jẹ́ kí fàdákà lè ṣàn mọ́ bàbà) bí ògì tó ki, mo fi pa gbogbo oríkèé rẹ̀, a wá fi àpólà bíríkì yí i ká kí ooru má sá lọ. Ọ̀pá fàdákà wa (fàdákà tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 55 nínú 100) ń yọ́ láàárín 630 sí 660°C. Bàbà fúnra rẹ̀ di 1085°C kó tó yọ́. Mo sáré na iná sí ọ̀pá náà.

"Gbé iná kúrò níbẹ̀! Bàbà ni yóò yọ́ ọ, kì í ṣe ìwọ."

Mo gbé iná sí òdìkejì, mo ní sùúrù. Lójijì ni fàdákà ṣàn yí etí ìdérí ká bí epo nínú agbada, ó ń wá ibi tó gbóná jù lọ. Nígbà tó tutù, a rì í sínú omi tí a da ásíìdì bátìrì díẹ̀ sí. (Ásíìdì là ń dà sínú omi o, a kì í da omi lé ásíìdì.)

PSI 30 (PSI ni ìwọ̀n agbára tí ooru omi fi ń ti bọ́ílà) ni mo fẹ́ máa fi ṣiṣẹ́, bíi ti táyà mọ́tò kékeré, nítorí náà PSI 60 la fi dán an wò. Omi tútù la fi dán an wò, kì í ṣe afẹ́fẹ́, torí omi kì í fún pọ̀: bó bá bẹ́, á kàn jò ni. Mo rọ omi kún inú gọ́ọ̀nù gíríìsì àwọn mẹkáníìkì, mo ń tẹ̀ ẹ́. Ní 40, ẹ̀kán omi kan yọ lẹ́bàá ọ̀pá àárín. Ó di inú bórákìsì àti iná lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́jọ́ kejì, ó dúró ní 60 fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, abẹ́rẹ́ gẹ́jì kò mì.

Ọjọ́ Sátidé la daná. Fáàfù ṣí fúnra rẹ̀ ní 30 bí mo ṣe dè é, ẹ́ńjìnnì sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ìyá àgbà jáde wá, wọ́n tẹ́tí sí i fún ìgbà díẹ̀.

"Èyí kò ké bíi tiwa. Tiwa máa ń súfèé."

"Màá wá fèrè sí i, Mà," mo dá wọn lóhùn, láìgbé ojú kúrò lára gíláàsì tó ń fi bí omi inú bọ́ílà ti kù sí hàn.