Bí a ṣe ń fi Makefile gbé iṣẹ́ kíkọ́ sọ́fítíwíà lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́

Ọ̀tọ̀ ni kí a kọ kóòdù, ọ̀tọ̀ ni kí a kọ́ ọ. Ẹni tí ó kọ kóòdù ní èdè C ti kọ ohun tí ènìyàn lè kà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò lè fi í ṣiṣẹ́ títí kọ̀ǹpáílà yóò fi sọ fáìlì kọ̀ọ̀kan di fáìlì .o, tí a ó sì so gbogbo wọn pọ̀ di ètò kan ṣoṣo. Bí fáìlì bá jẹ́ méjì, a lè máa fọwọ́ tẹ àwọn àṣẹ náà. Bí ó bá di ogójì, a ó gbàgbé ọ̀kan láìpẹ́.

Irú ìgbàgbé bẹ́ẹ̀ ni ó mú kí Stuart Feldman ṣe Make, ètò tí ó ń ka Makefile tí ó sì ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpáílà, ní ilé ìwádìí Bell Labs ní ọdún 1976. Akẹgbẹ́ rẹ̀ kan ti fi odindi òwúrọ̀ wá àṣìṣe nínú ètò tí kò ní àṣìṣe mọ́, nítorí pé ó ti tún kóòdù ṣe ṣùgbọ́n fáìlì tí ó tún ṣe kò tíì gba ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpáílà kọjá. Nítorí náà, kì í ṣe torí àtidín iṣẹ́ ìka kù ni a ṣe ń lo Make. Bí ó bá jẹ́ kí àṣẹ máa tẹ̀lé ara wọn nìkan ni, fáìlì àṣẹ lásán fún shell (ètò tí ó ń gba àṣẹ tí a bá tẹ̀) ì bá ti tó. Ohun tí Make mọ̀ ọ́n ṣe ni kí ó mọ fáìlì tí ó ti di àtijọ́ àti èyí tí kò nílò kí a fọwọ́ kàn án.

Ṣe fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Makefile sínú àpò tí kóòdù rẹ wà, kí o sì kọ èyí sí i:

    eto: ibere.o iwe.o
    	cc -o eto ibere.o iwe.o

    ibere.o: ibere.c iwe.h
    	cc -c ibere.c

    iwe.o: iwe.c iwe.h
    	cc -c iwe.c

Ohun tí a fẹ́ gbé jáde ni ó wà ṣáájú àmì kólọ́ònù. Àwọn fáìlì tí ó gbára lé ni ó tẹ̀lé e. Àṣẹ tí yóò gbé e jáde wà ní ìlà ìsàlẹ̀; cc ni orúkọ kọ̀ǹpáílà. Táàbù gidi ni ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìlà àṣẹ nínú fáìlì náà, kì í ṣe àlàfo mẹ́jọ. Bí o bá rí «missing separator», táàbù ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Feldman fúnra rẹ̀ mọ̀ pé òfin yìí kò dára, ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi rí i, bí ènìyàn méjìlá ti ń lo Make, kò sì fẹ́ da iṣẹ́ wọn rú. Gbogbo wa ni a ń jẹ gbèsè náà títí di òní.

Tẹ make. Tẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, yóò sì sọ fún ọ pé kò sí iṣẹ́ láti ṣe, nítorí pé ó ń fi àkókò tí a tún fáìlì ṣe kẹ́yìn wéra: bí iwe.c bá tuntun ju iwe.o lọ, yóò tún iwe.o kọ́, lẹ́yìn náà eto, kò sì ní yọ ibere.o lẹ́nu. Bí o bá ń ṣiyèméjì, make -n yóò fi àwọn àṣẹ tí ó fẹ́ ṣe hàn ọ́ láì ṣe wọ́n.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni iwe.h, fáìlì ìkéde tí àwọn fáìlì .c méjèèjì ń lò. Bí a bá yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú òfin ibere.o, Make kò ní ṣàròyé. Yóò kàn fi ibere.o àtijọ́ sílẹ̀ nígbà tí iwe.h bá yí padà, ètò náà yóò sì máa hùwà tí kò bá kóòdù rẹ mu. Má ṣe fi ọwọ́ ara rẹ kọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Àwọn kọ̀ǹpáílà bíi GCC àti Clang lè kọ wọ́n fún ọ, bí o bá fi èyí rọ́pò gbogbo òfin òkè:

    CFLAGS = -Wall -MMD -MP

    eto: ibere.o iwe.o
    	$(CC) -o $@ $^

    %.o: %.c
    	$(CC) $(CFLAGS) -c $< -o $@

    -include $(wildcard *.d)

    .PHONY: clean
    clean:
    	rm -f eto *.o *.d

$(CC) dúró fún kọ̀ǹpáílà, CFLAGS fún àwọn àṣàyàn tí a fún un, $@ fún ohun tí a ń gbé jáde, $< fún fáìlì àkọ́kọ́ tí ó gbára lé, $^ fún gbogbo wọn. -MMD ń mú kí kọ̀ǹpáílà kọ fáìlì .d, níbi tí ó ti to orúkọ àwọn fáìlì .h tìrẹ tí ó bá pàdé; ìlà -include ni ó ń mú kí Make ka àwọn fáìlì .d náà. .PHONY sì ń sọ pé clean kì í ṣe orúkọ fáìlì, kí fáìlì kan tí ó bá ṣèèṣì jẹ́ orúkọ yẹn má bàa dí i lọ́wọ́.

Shell tirẹ̀ ni ìlà àṣẹ kọ̀ọ̀kan ń lò, nítorí náà cd tí o kọ sí ìlà kan kò ní dé ìlà kejì; fi && so wọ́n pọ̀.

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti ń lọ déédéé, tẹ make clean, lẹ́yìn náà make -j4, kí iṣẹ́ mẹ́rin lè máa lọ pọ̀. Yóò yá, ṣùgbọ́n èmi fẹ́ràn rẹ̀ jù fún ìdánwò: Makefile tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan ṣùgbọ́n tí ó ń kùnà lábẹ́ -j sábà máa ń ní ohun kan tí ó gbára lé tí a kò kọ síbẹ̀. Wá a rí kí o tó ṣe ohunkóhun mìíràn.