Bí A Ṣe Ń Fèsì sí Ewì Tí Wọ́n Gbé Kalẹ̀ fún Gbogbo Ẹgbẹ́

Ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ ewì, wọ́n máa ń yan ewì kan ṣoṣo kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lè sọ̀rọ̀ lé e lórí, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú èsì wọn kì í kọjá "ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ" àti "ó wọ̀ mí lákínyẹmí ara." Oríyìn dára, kò sì sí akéwì tí inú rẹ̀ kì í dùn sí i, àmọ́ irú èsì bẹ́ẹ̀ ṣe é sọ nípa ewì èyíkéyìí, kódà láìkà á. Ohun tí akéwì ń wá ni ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ba òǹkàwé gan-an, bí a sì ṣe lè sọ ọ́ fún un nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ ka ewì náà sókè, kí etí yín gbọ́ ọ, kí ẹ tó sọ ohunkóhun. Ẹni tó bá fi ojú nìkan ka ewì Yorùbá lè rí ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní gbọ́ ibi tí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ti ń dá ara wọn lóhùn. Bí akéwì kò bá fi àmì sórí ọ̀rọ̀ tó lè ní ìtumọ̀ méjì, ẹ bi í léèrè èyí tó ní lọ́kàn.

Lẹ́yìn náà, ẹ tún un kà jẹ́ẹ́, kí ẹ sì wádìí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ àti ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ewì lè má jẹ́ akéwì fúnra rẹ̀. Ọkùnrin lè kọ ewì ní ohùn ìyàwó tó ń sun ẹkún ìyàwó, nítorí náà kò tọ́ kí a máa tọ pinpin ilé akéwì nítorí ohun tí a kà nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Yíyan ìlà kan ni iṣẹ́ tó le jù, òun náà ló sì lérè jù. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ìlà mẹ́ta yìí ni wọ́n gbé kalẹ̀:

Mo ti fi ẹsẹ̀ kan wọ ọkọ̀ Èkó,
Ẹsẹ̀ kejì ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà ìyá mi.
Ìyá ò sunkún. Owó ọkọ̀ mi ló ń kà.

Ẹni tó bá fèsì pé ewì yìí kọ́ wa láti máa bọ̀wọ̀ fún ìyá ti fi ẹ̀kọ́ tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ bo ewì mọ́lẹ̀, nítorí kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ nínú ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èsì tó wúlò lè lọ báyìí: "Ìlà kẹta ló dá mi dúró. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń retí omijé, ṣùgbọ́n owó ni ẹ fi lé ìyá lọ́wọ́. Bó ṣe ń kà á ni mo fi mọ̀ pé kò fẹ́ gbójú sókè, ó sì dà bíi pé owó náà kò pọ̀." Èsì yìí tọ́ka sí ìlà, ó sọ ohun tí òǹkàwé ń retí àti ohun tó bá níbẹ̀, kí ó tó wá sọ ìtumọ̀. Pé owó náà kò pọ̀ kò sí nínú ewì; òǹkàwé ló fi kún un. Akéwì lè sọ pé òun kò ní in lọ́kàn, síbẹ̀ yóò ti mọ ohun tí ìlà rẹ̀ ń ṣe lọ́kàn ẹlòmíràn, ìmọ̀ yẹn ni kò sì lè dá nìkan ní.

Orúkọ ọnà èdè, bí àwítúnwí, àfiwé tàbí ìfohunpènìyàn, wúlò bí a bá sọ iṣẹ́ tó ń ṣe níbi tó wà. Kí a kàn máa tò wọ́n bí ẹni ń dáhùn ìdánwò WAEC kò ran akéwì lọ́wọ́.

Àtúnṣe náà láyè tirẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀ lórí ìjálá tó jáde ní 1966, Adébóyè Babalọlá ṣàlàyé pé bí ẹni tó ń sun ìjálá bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, akẹgbẹ́ rẹ̀ lè dá a dúró lójú agbo, ẹni tí wọ́n bá wí náà sì lè dá ara rẹ̀ láre. Mo fẹ́ràn àṣà yìí, torí pé ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ni wọ́n ń tún ṣe, wọn kì í bú ẹni tó sọ ọ́. Bí akéwì bá jù yín lọ, ìbéèrè ni kí ẹ fi gbé e kalẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé oríkì ìlú yìí kò yàtọ̀ sí bí mo ṣe gbọ́ ọ?" Ẹ má ṣe fi "o" bá ẹni tí ẹ kò mọ̀ sọ̀rọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ewì arò lórí òkú tuntun, ẹ bá a kẹ́dùn, kí àtúnṣe di ọjọ́ mìíràn.

Ẹlòmíràn a máa fi ewì fèsì. Ó dára, pàápàá bí a bá mú un láti ibi tí ewì àkọ́kọ́ dúró sí. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìyá lè gba ọ̀rọ̀ sọ. Kí ó kúrú ju ti akéwì lọ, kí a sì sọ ìlà tí a yá lò.