Bí A Ṣe Ń Dá Server Linux Sínú Kọ̀ǹpútà Ara Ẹni

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ server (kọ̀ǹpútà tó ń pèsè ojú ewé tàbí fáìlì fún àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn) kò gbọdọ̀ rò pé dandan ni kí òun kọ́kọ́ máa fi dọ́là háyà ọ̀kan lóṣooṣù. Kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń tẹ lẹ́tà tí ẹ sì fi ń wo fídíò lè gba server kan sínú, láìjẹ́ pé a yọ Windows tó wà lórí rẹ̀ kúrò. Ohun tí wọ́n ń pè ní virtual machine ni kọ̀ǹpútà tí a fi sọ́fítíwíà dá sínú kọ̀ǹpútà mìíràn. Ó ní RAM tirẹ̀, ó ní dísíkì tirẹ̀, ó sì ń hùwà bí ẹni pé òun nìkan ló ni ilé. Nínú àlàyé yìí, onílé ni a óò máa pe kọ̀ǹpútà gidi tí ẹ fowó rà, àlejò sì ni èyí tí a fẹ́ dá sínú rẹ̀. VirtualBox, tí ilé-iṣẹ́ Oracle ń gbé jáde lọ́fẹ̀ẹ́, ni a óò fi dá àlejò náà, Debian, ọ̀kan nínú oríṣi Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows), ni a óò sì gbé sórí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àlàyé irú èyí máa ń dárúkọ Ubuntu Server, n kò sì bá Ubuntu jà, ṣùgbọ́n fáìlì tí wọ́n fi ń gbé e kalẹ̀ ju 2 GB lọ, nígbà tí fáìlì netinst ti Debian (èyí kékeré tó ń gba ìyókù lórí íntánẹ́ẹ̀tì) kò tó 1 GB. Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré fún ẹni tó ń fi dátà fóònù ṣiṣẹ́. Láti ara Debian ni wọ́n ti ṣe Ubuntu, nítorí náà àwọn àṣẹ tí ẹ bá kọ́ níbí, bí apt tó ń gbé sọ́fítíwíà kalẹ̀, náà ni ẹ ó lò lọ́hùn-ún. Debian 13, tó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ni kí ẹ gbà láti debian.org, kí ẹ sì mú èyí tí wọ́n kọ amd64 sí lára, nítorí òun ló bá kọ̀ǹpútà Intel àti ti AMD mu. Kí ẹni tó ń lo Mac tó ní chip M1 tàbí èyí tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ mú arm64, kó sì lo UTM, sọ́fítíwíà tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lórí Mac, dípò VirtualBox.

RAM 8 GB tó fún iṣẹ́ yìí dáadáa. Bó bá jẹ́ 4 GB ni onílé ní, ó ṣì ṣeé ṣe, bí ẹ bá lè ti Chrome pa nígbà tí àlejò bá ń ṣiṣẹ́. Kí àyè tó ṣófo lórí dísíkì tó 25 GB.

Kí ẹ tó ná dátà lórí ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá onílé lè gba àlejò. Lórí Windows, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ kí Task Manager lè ṣí, ẹ lọ sí Performance, ẹ tẹ CPU, kí ẹ sì wo ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n kọ Virtualization sí. Bí ẹ bá rí Enabled níwájú rẹ̀, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Bó bá jẹ́ Disabled ni, ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ tún un tàn, kí ẹ sì máa tẹ bọ́tìnnì tó ń ṣí BIOS (ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà ṣáájú Windows) bó ṣe ń jí: F10 ni lórí ọ̀pọ̀ HP, F2 ni lórí ọ̀pọ̀ Dell. Nínú BIOS, ẹ wá Intel Virtualization Technology tàbí VT-x, tàbí SVM Mode bó bá jẹ́ AMD, ẹ tan án, kí ẹ sì fi ìyípadà náà pamọ́ kí ẹ tó jáde. Ẹni tó bá fo ibí yìí yóò padà bá a níwájú, nítorí VirtualBox yóò kọ̀ láti tan àlejò, yóò sì gbé VERR_VMX_MSR_ALL_VMX_DISABLED sójú rẹ̀ bó bá jẹ́ Intel.

Nígbà mìíràn, bí àlejò bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ lè rí àwòrán ìjàpá aláwọ̀ ewé kékeré kan nísàlẹ̀ wíńdò rẹ̀. Ìjàpá yìí kò ní àlọ́ kankan lẹ́nu. Ohun tó ń sọ ni pé Hyper-V, ètò tí Windows fúnra rẹ̀ fi ń dá virtual machine, ló di agbára virtualization náà mú, tí VirtualBox sì ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ ṣiṣẹ́, èyí tó ń dín eré rẹ̀ kù. Àwọn kan á ní kí ẹ lọ pa Hyper-V lójú ẹsẹ̀. Ní tèmi, server tí kò ní àwòrán lójú kò wúwo tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ da Windows rú, pàápàá bí ẹ bá ń lo WSL (Linux tó ń ṣiṣẹ́ nínú Windows) tàbí Docker (tó ń kó sọ́fítíwíà sínú àpótí tirẹ̀) lórí kọ̀ǹpútà kan náà, nítorí àwọn méjèèjì nílò rẹ̀.

Bí fáìlì Debian bá ti wọlé tán, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó lò ó, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń já tó ń padà lè ba fáìlì jẹ́ láìjẹ́ pé ó hàn lójú. Ẹ yí orúkọ rẹ̀ padà sí debian.iso, ẹ ṣí Command Prompt nínú fódà tó wà, kí ẹ sì tẹ àṣẹ yìí:

certutil -hashfile debian.iso SHA256

Ọ̀wọ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà gígùn tó bá jáde gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà nínú fáìlì SHA256SUMS lórí ojú ewé tí ẹ ti gbà á mu pátápátá. Bí wọn kò bá dọ́gba, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ tún un gbà.

Bí ẹ bá ti gbé VirtualBox kalẹ̀ sórí onílé, ẹ ṣí i, ẹ tẹ New, ẹ fún àlejò lórúkọ, kí ẹ sì fi debian.iso hàn án. VirtualBox yóò fẹ́ bá yín ṣe gbogbo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, èyí tó ń pè ní Unattended Installation. Ẹ kọ̀ ọ́, nítorí ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ fojú ara rẹ̀ rí ìbéèrè tí Debian ń bi í. Ẹ fún un ní RAM 2048 MB, tàbí 1024 bó bá jẹ́ 4 GB ni onílé ní, àti CPU kan tàbí méjì. Dísíkì 20 GB tó. Ẹ má ṣe fi àmì sí Pre-allocate Full Size, kí fáìlì dísíkì náà lè bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, kó sì máa dàgbà bí ẹ bá ṣe ń kó nǹkan sínú rẹ̀.

Ẹ tẹ Start, kí ẹ sì yan Install nígbà tí Debian bá ṣí. Bí kíbọ́ọ̀dù bá há sínú àlejò, tí ẹ kò lè jáde, Ctrl apá ọ̀tún ni ẹ ó tẹ. Bí ẹ bá yan English, Nàìjíríà wà nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí yóò tò síwájú yín. Ẹ fara balẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù: púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá ló ní kíbọ́ọ̀dù àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Bí àmì tó wà lórí nọ́ńbà 2 bá jẹ́ " dípò @, British English ni kí ẹ yàn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tó ní @ nínú yóò dààmú yín. Bí ó bá béèrè ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé ti root (ọ̀gá tó lágbára lórí gbogbo server), ẹ fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo. Debian yóò wá fún orúkọ tí ẹ bá dá lẹ́yìn rẹ̀ ní agbára sudo, àṣẹ tó ń jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ ọ̀gá náà. Nínú àpẹẹrẹ yìí, akanni ni orúkọ náà.

Ibi tí àyà ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń já ni ibi tí Debian ti ń béèrè bóyá kí òun lo gbogbo dísíkì, tó sì ń kìlọ̀ pé gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ yóò pa rẹ́. Ẹ má fòyà. Dísíkì tí àlejò ń rí kò ju fáìlì kan lọ, èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí .vdi nínú fódà VirtualBox, kò sì lè fọwọ́ kan àwọn fọ́tò àti ìwé yín. Ẹ yan Guided - use entire disk, kí ẹ sì dáhùn Yes nígbà tó bá tún béèrè.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú ewé Software selection, èyí tí mo kà sí pàtàkì jù. Debian ti fi àmì sí Debian desktop environment àti GNOME ṣáájú. Ẹ fi bọ́tìnnì àlàfo yọ àmì méjèèjì kúrò, kí ẹ sì fi àmì sí SSH server, èyí tí a ó fi máa wọ inú àlejò láti orí onílé. Standard system utilities lè dúró. Bí ẹ bá ṣèèṣì tẹ Enter kí ẹ tó yọ GNOME, ọ̀pọ̀ dátà yóò lọ, ohun tí ẹ ó sì ní lọ́wọ́ níkẹyìn kì í ṣe server. Bó bá béèrè nípa GRUB (ètò tó ń jí Debian), ẹ ní kó gbé e sórí /dev/sda.

Nígbà tí àlejò bá tún jí, ojú dúdú tó ń béèrè orúkọ ni ẹ ó bá. Bí ẹ bá ń tẹ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé, ohunkóhun kò ní hàn, kódà àmì ìràwọ̀ kò ní sí. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ wọlé, kí ẹ tẹ:

sudo apt update
sudo apt upgrade
ip a

Àṣẹ kẹta yóò fi àdírẹ́sì 10.0.2.15 hàn yín. Inú NAT, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń fi àlejò pamọ́ sẹ́yìn onílé, ni VirtualBox fi àlejò sí. Àlejò lè jáde lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ti ìta wọlé tọ̀ ọ́ wá, títí kan onílé pàápàá. Ààbò rere nìyẹn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, ẹ má sì tìtorí pé ẹnì kan dárúkọ Bridged Adapter (èyí tó ń gbé àlejò jáde sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé) kúrò níbẹ̀. Ilẹ̀kùn méjì péré, èyí tí wọ́n ń pè ní port, ni ẹ ó ṣí: ọ̀kan fún SSH, ọ̀kan fún ojú ewé. Nínú Settings, ní Network, ẹ wá Port Forwarding, kí ẹ kọ ìlà àkọ́kọ́ báyìí: Host IP 127.0.0.1, Host Port 2222, Guest Port 22. Ìlà kejì yóò ní Host IP kan náà, Host Port 8080 àti Guest Port 80. Nítorí pé 127.0.0.1 (àdírẹ́sì tí kọ̀ǹpútà fi ń pe ara rẹ̀) ni ẹ kọ, onílé nìkan ló lè gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ wá ṣí Command Prompt lórí Windows, kí ẹ tẹ:

ssh -p 2222 akanni@127.0.0.1

Ẹ dáhùn yes sí ìbéèrè àkọ́kọ́. Láti ìgbà yìí lọ, ẹ kò nílò wíńdò VirtualBox mọ́, nítorí bí wọ́n ṣe ń wọ inú server tó wà ní Jámánì tàbí Amẹ́ríkà náà nìyí, ẹ sì lè ṣe kọ́pì àṣẹ láti ibòmíràn kí ẹ lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Bó bá di ọjọ́ iwájú tí ẹ gbé àlejò tuntun kalẹ̀, tí ssh sì ń pariwo pé REMOTE HOST IDENTIFICATION HAS CHANGED, àṣẹ tó ń mú un dákẹ́ ni:

ssh-keygen -R "[127.0.0.1]:2222"

Kí ẹ tó fi ohunkóhun kún un, ẹ fi sudo poweroff pa àlejò, ẹ lọ sí Snapshots (àwòrán ipò tí àlejò wà, tí a lè padà sí) nínú VirtualBox, ẹ tẹ Take, kí ẹ sì pe orúkọ rẹ̀ ní mímọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tan án, kí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Inú àlejò nìkan, lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí akanni àti orúkọ server níwájú ìlà, ni ẹ ti gbọ́dọ̀ tẹ sudo rm -rf /etc, èyí tó ń pa fódà tí àwọn ètò server wà rẹ́. Ẹ ó rí i pé sudo fúnra rẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ pa àlejò láti inú VirtualBox, ẹ yan snapshot yẹn, ẹ tẹ Restore, yóò sì padà sí bó ṣe wà. Ẹni tó bá ti ṣe èyí kò ní bẹ̀rù àṣẹ kankan mọ́. Àmọ́ snapshot kì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́, nítorí orí dísíkì onílé kan náà ló wà; bí dísíkì bá kú, àwọn méjèèjì ló lọ.

Ó kù kí server ṣe iṣẹ́ server. Ẹ tún tan àlejò, ẹ wọlé, ẹ gbé nginx (sọ́fítíwíà tó ń fi ojú ewé ránṣẹ́ sí Chrome) kalẹ̀, kí ẹ sì kọ ojú ewé kan:

sudo apt install nginx
sudo nano /var/www/html/index.html

Nínú fáìlì náà, ẹ kọ ìlà méjì yìí:

<meta charset="utf-8">
<h1>Ẹ káàbọ̀ sílé Àkànní</h1>

Ẹ tẹ Ctrl àti O, ẹ tẹ Enter, kí ẹ fi Ctrl àti X jáde, kí ẹ sì ṣí http://127.0.0.1:8080 nínú Chrome lórí onílé. Ẹ má ṣe fo ìlà àkọ́kọ́. Ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé lè gbàgbé rẹ̀ kó má mọ̀, ṣùgbọ́n láìsí i, Ẹ tiwa lè di áº¸ lójú ẹni tó ń kà á.

Bí ẹ bá fẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ láìfi wíńdò hàn, ẹ tẹ ọfà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Start, kí ẹ sì yan Headless Start. Bí iná bá lọ, tí bátìrì onílé sì ń tán lọ, Save the machine state ló yá jù. Bí iná bá padà dé, àlejò yóò tẹ̀ síwájú láti ibi tó dúró sí. Nígbà tí kò bá sí kánjú, sudo poweroff ni kí ẹ lò.