Bí A Ṣe Ń Ra Tọ́ọ̀ṣì Tí Kò Ní Já Wa Sílẹ̀ Nínú Igbó

Nọ́ńbà gàgàrà ló wà lára tọ́ọ̀ṣì tí mo kọ́kọ́ rà nígbà tí mo dé Àbújá. Nínú ṣọ́ọ̀bù, ó mọ́lẹ̀ yòò. Lóru ọjọ́ tí mo bá àwọn ọdẹ kan wọ igbó lẹ́yìn Kwali, ogójì ìṣẹ́jú kò pé tí kò fi mọ́lẹ̀ ju tanátaná lọ mọ́. Gìgísẹ̀ ẹni tó wà níwájú mi ni mo ń wò bọ̀ títí a fi já sí títì.

Ẹ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Ọwọ́ tó gbé ìbọn tàbí àdá kò ráyè tọ́ọ̀ṣì. Ìdí nìyẹn táwọn bàbá wa fi ń so fìtílà kábáìdì mọ́rí, tí omi á máa kán tó-tó sórí kábáìdì, tí gáàsì rẹ̀ á sì máa jó. Ẹ ra ti orí fún ìrìn, kí ẹ ní ti ọwọ́ fún wíwo ọ̀ọ́kán. Nínú àwọn nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sára rẹ̀, lúmẹ́nì ni àpapọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde; mítà ló ń sọ bó ṣe ń jìnnà tó. Àmọ́ níbi tí wọ́n ń wọn mítà yẹn dé, ìmọ́lẹ̀ kò ju ti òṣùpá àrànmọ́jú lọ. Ẹ dá a sí méjì kẹ́ ẹ tó gbára lé e.

Bátìrì ni ẹ̀tàn pọ̀ sí jù. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú tọ́ọ̀ṣì tó dáa ni 18650: mìlímítà 18 ni fífẹ̀ rẹ̀, 65 ni gígùn. Ojúlówó rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 2,000 sí 3,500 mAh, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbà sínú. Bí ẹ bá rí 9,900 lára rẹ̀, irọ́ ni. Ẹ gbé e lé àtẹ́lẹwọ́: ojúlówó ń wọn bíi gíráàmù 45 sí 50. Mo gbé ọ̀kan rí tó fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀pà. Màálámù tó ń tà á rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ fi wọn gààrí ni?" Mo dá a padà sórí tábìlì rẹ̀. Bí ẹ bá máa pẹ́ ní abúlé tí kò níná, ẹ wá èyí tó ń lo bátìrì AA, tí kíóòsì èyíkéyìí ń tà. Kí ẹ sì béèrè wákàtí tó máa lò ní ìmọ́lẹ̀ àárín, torí púpọ̀ wọn máa ń dín iná ara wọn kù lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ nítorí ooru.

Àmì tó ń sọ bí tọ́ọ̀ṣì ṣe lè fara da omi àti eruku tó tún wà: IPX7 túmọ̀ sí pé ó lè wà nínú omi tó jìn tó mítà 1 fún ìṣẹ́jú 30. X yẹn ni pé kò sí ìdánwò eruku nínú rẹ̀. Lókè Ọya níbí, níbi tí ọyẹ́ ti ń da eruku sí wa lẹ́nu, IP67, tí wọ́n dán wò fún eruku pẹ̀lú, ni mò ń wá.

Ẹ wo bóyá ó ní iná pupa. Ojú máa ń lò tó ìdajì wákàtí kó tó mọ́ra pẹ̀lú òkùnkùn, iná funfun kan ṣoṣo á sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí ẹ bá ń kó o sí báàgì, ẹ tú ìdérí ìdí rẹ̀ díẹ̀, kó má baà tàn fúnra rẹ̀.

Kí ẹ tó lọ, ẹ tàn án nílé fún wákàtí kan gbáko. Ẹ fi tó máí-ungúwà, ìyẹn olórí àdúgbò, àti fijilánté létí pẹ̀lú, torí iná tó ń rìn nínú igbó lóru lásìkò yìí, wọn ò ní kọ́kọ́ béèrè orúkọ. Ẹ má gbé ìbọn wọ ọgbà ẹranko ìjọba bíi Kainji o, òfin kò gbà á.

Tọ́ọ̀ṣì kékeré kejì ńkọ́? Okùn bàtà ni mo fi so tèmi mọ́ ọrùn.